Bí A Ṣe Paná Ààrò Ládì

Sabon Gari, Zaria.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Títílayọ̀, Àbẹ̀ní mi,

O kú iṣẹ́ tuntun, o kú ìgbòkègbodò Abuja. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ara wa le. Mo mọ̀ pé Haúsá yá ọ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, nítorí náà jókòó, kà á jẹ́jẹ́, kà á sókè níbi tí kò bá ti yé ọ. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá ti ń bọ́ sójú ọ̀rọ̀ gan-an ni wàá ní, "Màmá, ọ̀gá ń pè mí, màá pè yín padà."

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbà ọ́ sí, tó ń rí sí i pé ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan ò dá ọjà jẹ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, ti gbé fáìlì fúláwà àti búrẹ́dì lé ọ lọ́wọ́. O ní ẹ máa yí àwọn ìlú Òkè Ọya ká, ẹ ó sì dé Zaria. O ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá Káfílà, alága ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì wa, wọlé tọ̀ mí wá, àpò fúláwà méjì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un. Bóyá bàbá rẹ ló fi ọ́ yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màá sọ ohun tó bá wá, màá sì sọ èsì tí mo fún un. Ṣùgbọ́n kò ní yé ọ àfi bí mo bá kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe kí n tó bí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ Báyọ̀ ò mọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá rẹ mọ̀ díẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n; wá gbọ́ bí kòtò tèmi ṣe jìn tó.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ayé ológun. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, mi ò rí iṣẹ́ olùkọ́ tí mo fẹ́, mo bá lọ ń bá ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣiṣẹ́ ní béékárì rẹ̀, béékárì yìí kan náà tó o dàgbà sí. Lọ́jọ́ kan, sójà méjì àti akọ̀wé ìjọba kan wọlé, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri: iye tí a gbọ́dọ̀ máa ta búrẹ́dì nìyí. Wọn ò béèrè iye tí a ń ra fúláwà. Wọn ò béèrè ti igi ìdáná. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àǹtí mi jókòó sórí àpò òfìfo, ó ní, "Kí la fẹ́ ṣe báyìí?" Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní kí a máa gé ìyẹ̀fun pípò náà kéré sí i. Iye á wà lára ògiri bí wọ́n ṣe fẹ́. Búrẹ́dì ni yóò máa fà sẹ́yìn.

Mo pè é ní ọgbọ́n. Kò pẹ́ tí odidi búrẹ́dì wa fi di ohun tí ọmọ kékeré lè dá jẹ tán kó tún máa sunkún oúnjẹ. Bàbá kan wà, gáàdì rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ra ẹyọ kan láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè, ó gbé e sódò, ó ní, "Ọmọ mi, iye rẹ̀ ò yí padà o, ṣùgbọ́n búrẹ́dì yìí ń gbààwẹ̀." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó san owó rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó yá, fúláwà fúnra rẹ̀ wọlẹ̀. Ẹni tó ní i ń tà á lẹ́yìnkùlé fún ẹni tó bá mọ̀. Àwọn sójà padà wá, wọ́n kó gbogbo búrẹ́dì wa síta, wọ́n ń tà á fún èrò ní iye ara ògiri. Èrò ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, kò sí búrẹ́dì kankan ní àdúgbò náà, torí kò sí ohun tí Àǹtí mi fẹ́ fi ra fúláwà mìíràn.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, Àbẹ̀ní: má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó ń lẹ ìwé mọ́ ògiri. Iye tí a kọ sára ògiri kì í yan búrẹ́dì. Bí ọ̀gá rẹ bá ní ẹ jẹ́ ká dá iye lé ọjà, béèrè lọ́wọ́ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ni yóò fà sẹ́yìn dípò iye. Nǹkan kan á fà sẹ́yìn dandan: ó lè jẹ́ ìwọ̀n, ó lè jẹ́ adùn, ó sì lè jẹ́ ọjà náà fúnra rẹ̀. Bí nǹkan bá wọ́n, ẹ wá ẹni tó dúró dí ọ̀nà rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà yín nìyẹn.

Èkejì ló nira fún mi láti kọ.

Nígbà tí Àǹtí mi kú, béékárì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Alàájì Sálíù, ará Ìlọrin, ni alága wa nígbà náà. Má rò pé èèyàn burúkú ni. Nígbà tí ìjì ṣí páànù orí béékárì mi, òun ló kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá kàn án padà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn yòókù ló ń bá a yan búrẹ́dì rẹ̀ kí oníbàárà rẹ̀ má baà sá lọ.

Ní àdúgbò Gyellesu, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ládì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ládì mọ ààrò amọ̀ sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń gbé igi wá fún un láti abúlé, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Búrẹ́dì rẹ̀ tóbi ju tiwa lọ, kò sì wọ́n tó tiwa. Láìpẹ́, búrẹ́dì Ládì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Samaru ń dúró dè láàárọ̀, tiwa ń gbẹ lórí àtẹ.

Ẹgbẹ́ pàdé níwájú ilé Alàájì lẹ́yìn ìrun alásàárì. Ẹnì kan ní obìnrin náà ń ba ọjà jẹ́. Òmíràn ní kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó béèrè bó ṣe ń ṣe é tí búrẹ́dì rẹ̀ fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Alàájì ní kí èmi tí mo gbọ́ Haúsá dáadáa lọ bá a, kí n ní kó wá wọ ẹgbẹ́, kó sì máa tà ní iye tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí.

Mo bá a níbi tó ti ń kó eérú ààrò. Ó tẹ́ ẹní fún mi, ó fún mi lómi. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ó gbọ́ mi tán.

"Haba, Maman Bayo," ló wí. "Búrẹ́dì ta ni mo jí?"

Mo ní kò jí ti ẹnikẹ́ni, àmọ́ iye tó ń tà á ń pa wá lára.

"Èmi náà ń jèrè níbẹ̀. Bí mi ò bá jèrè, ṣé màá máa yan án ni? Ẹ ní kí n gbówó lé e. Ta ni màá gbé e lé lórí? Ṣé àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ́ náà kọ́?"

Nígbà tí mo dìde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì di búrẹ́dì méjì fún mi pé kí n mú un lọ fún Báyọ̀. A jẹ ẹ́ nílé. Ó dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ní kí n kọ lẹ́tà sí díla tí gbogbo wa ti ń ra fúláwà. Ohun tí Alàájì sọ ò ju pé, "Akọ̀wé, ẹ bá wa sọ fún un pé kó má tà fún obìnrin yẹn mọ́." Èmi ni mo jókòó tí mo wá ọ̀rọ̀ sí i. Mo kọ ọ́ pé bí ẹyọ àpò kan bá dé Gyellesu, gbogbo wa pátá á kẹ̀yìn sí i, a ó máa ra tiwa lọ́dọ̀ díla kejì tó wà nílùú. Mo fi "pẹ̀lú ọ̀wọ̀" sókè, mo tún fi sísàlẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi ránṣẹ́, inú mi sì dùn sí bí mo ṣe tò ó. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìdùnnú yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Díla ò tà fún Ládì mọ́. Ó lọ ń rà á ní Kaduna, owó ọkọ̀ jẹ èrè rẹ̀ tán. Ó ra ti ẹ̀yìnkùlé, kòkòrò ti wà nínú ìyẹn. Kò ju oṣù méjì lọ, iná ààrò náà kú. Hàwáù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù, kúrò nílé ìwé, ó ń bá ìyá rẹ̀ din àkàrà. Nígbà tí Ládì kó àwọn pánù búrẹ́dì rẹ̀ jáde fún títà, ta ló rà wọ́n? Èmi ni. Wọ́n dára, wọn ò sì wọ́n. Títí, ọ̀pọ̀ nínú búrẹ́dì tó o gbé lọ sílé ìwé, inú pánù Ládì la ti yan án.

Kí ni mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀? Má kórìíra ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Àwọn tó bá mi kan páànù náà ló fẹnu kò láti ti ilẹ̀kùn mọ́ opó. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ irú wọn, má ṣe wo ojú wọn, wo ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Má sì retí pé ẹni tó ṣe é á rí bí olè. Lójú ara mi nígbà náà, mò ń dáàbò bo iṣẹ́ mi ni, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Èyí tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù lọ: ẹni tí wọ́n ti lé kúrò lọ́jà kì í sí lójú ọjà láti fẹjọ́ sùn. Bí ẹ bá gba ìwé orúkọ oníbúrẹ́dì lọ́wọ́ ẹgbẹ́, orúkọ irú Ládì ò ní sí níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é mọ́. Ẹ wọ ẹ̀yìnkùlé. Haúsá tó o fi bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré ni kó o fi bi wọ́n, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì.

Ó tún ku ohun tó bá àwa náà lẹ́yìn rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí díla kejì palẹ̀ mọ́. A gbọ́ pé díla wa ló lọ halẹ̀ mọ́ ilé ọlọ tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà di fúláwà pé bí wọ́n bá ń kó fúláwà fún ẹlòmíràn ní Zaria, òun ò ní ra tiwọn mọ́. Nígbà tó ku òun nìkan, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fúláwà gbọ́dọ̀ ra ṣúgà àti yísìtì lọ́wọ́ òun pẹ̀lú. Yísìtì ọ̀hún kì í wú. Ẹni tó bá ráhùn, wọ́n á sọ fún un pé ọkọ̀ ò tíì dé, nígbà tó ń wo àpò fúláwà tí wọ́n tò dé òrùlé.

Alàájì mú mi dání, a lọ bá a. Ó gbọ́ wa tán, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé kan jáde. Mo mọ ọwọ́ ara mi láti òkèèrè.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi," ló wí. "Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá mú fúláwà dání ló mú ìlú dání."

A padà dé ẹnu ọ̀nà Alàájì. Ó wá ní, "Akọ̀wé, ẹ̀san Ládì nìyí o," ó sì wọlé.

Nígbà náà, kò sí ibi tí a lè gbé ẹjọ́ díla lọ. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn pé ilé iṣẹ́ yín wà. Ṣùgbọ́n kíyè sí i: àwa oníbúrẹ́dì la máa tètè bọ́ sí yín lọ́wọ́. A súnmọ́, a ò ní lọ́yà. Àwọn ọlọ́lọ ńlá ò pọ̀, ọ̀nà wọn sì jìn. Bí gbogbo oníbúrẹ́dì Zaria bá fẹnu kò, Zaria nìkan ló jẹ búrẹ́dì ọ̀wọ́n. Bí àwọn ọlọ́lọ mélòó kan bá fẹnu kò, gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Mi ò sọ pé wọ́n ń ṣe é. Mi ò mọ̀. Mo ní kí ẹ wò ó ni. Ẹ sì wo ìjọba fúnra rẹ̀. Bí ìwé àṣẹ láti kó àlìkámà wọlé bá wà lọ́wọ́ àwọn kan tí kò sí lọ́wọ́ àwọn kan, ẹni tó rí i gbà lè jọba lórí ọjà láìjẹ́ pé ọjà rẹ̀ dára. Má fi ẹ̀ṣẹ̀ oníbúrẹ́dì bo ti ọlọ́lọ, má sì fi ti ọlọ́lọ bo tiwa.

Ọdún tí o wọ yunifásítì ni mo tó lọ bẹ Ládì. Ó ti darúgbó. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan lẹ́tà.

"Na ji," ló wí. Ó gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́, kí ọkàn tèmi lè fúyẹ́. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo kúrò nílé ìwé."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Samaru, níbi tí Hàwáù ti ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé. Mo tún un sọ.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́," ló wí, ó sì yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró dè é. Ibẹ̀ ló parí sí. Ládì ti lọ sọ́run báyìí. Mi ò rí nǹkan kan tún ṣe níbẹ̀, Títí. Ẹ̀bẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í dá ọdún ilé ìwé padà. Bó o bá rí àṣìṣe tìrẹ lẹ́nu iṣẹ́, sọ ọ́ lọ́jọ́ tó o rí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Bàbá Káfílà.

"Màmá," ló wí, "ọmọ wa ti di èèyàn ńlá. Ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀. Kó kàn sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ fún wa, ká lè tún ilé ṣe."

"Ilé wo lẹ fẹ́ tún ṣe?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Màmá. Ti iye yẹn. Kí wọ́n má baà bá ohùn wa ní ọ̀kan ṣoṣo."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo wà ní ìpàdé náà. Èmi ni ìyá ẹgbẹ́, orí àga iwájú ni mo jókòó sí. Wọ́n fẹnu kò sí iye kan, wọ́n dárúkọ ọkùnrin kan ní Samaru tí kò fẹ́ tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn á bá díla sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń já sí ju ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ. Mo dákẹ́. Kì í ṣe ìgbà èwe mi nìyẹn o. Ọdún yìí ni.

Mo ní kó gbé fúláwà rẹ̀ padà.

"Ṣé ẹ fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká ni, Màmá?"

"Rárá. Mo fẹ́ kí ẹ fi ará Samaru yẹn sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti Abuja dé, tó bi mí, màá sọ ohun tí mo gbọ́."

Kò bínú sí mi lójú. Ó kàn ní, "Ó dáa, Màmá," ó pe oníkẹ̀kẹ́, wọ́n sì gbé àpò méjèèjì padà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó yà kí mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa. Màá dìde, màá sọ̀rọ̀ Ládì níwájú gbogbo wọn, kí wọ́n tó kọ lẹ́tà tiwọn sí díla.

Ìwọ náà ní ohun kan láti ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, kó o tó ṣí fáìlì yẹn, lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé oníbúrẹ́dì ni ìyá rẹ, pé òun ni ìyá ẹgbẹ́ ní Zaria, àti pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Bí wọ́n bá ní kó o gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, gbé e fún un. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́, torí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ọ ni. Wọ́n á tún fún ọ ní òmíràn. Má sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ fún mi, bí mo bá tilẹ̀ fi ẹ̀rín bi ọ́.

Má sì wálé títí wọ́n á fi parí ohun tí wọ́n bá wá ṣe níbí, kódà bó bá di Kérésìmesì. Bàbá rẹ ò fara mọ́ èyí; ó ní ó ti le jù. Àárò rẹ ń sọ èmi náà, yàrá rẹ wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Sabon Gari rí ọ tó o ń wọ ẹnu ọ̀nà mi lóṣù tí wọ́n ń wádìí mi.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tó ń rí ẹni tí kò sí níjòókòó, kó má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ láti sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́.

Ìyá rẹ,
Rẹ̀mílẹ́kún.